Odídẹrẹ́ Ilé Ọ̀tún

Bí ọmọ ẹni bá di ẹrù tó fẹ́ rin ìrìn àjò, àgbàlagbà á gbé ọwọ́ lé e lórí, á ní, "Odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ." Gbogbo wa á sì dáhùn pé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: ṣé àṣá kì í gbé odídẹrẹ́ ni? Ṣé àtè kì í mú un? Ta ló wá fọwọ́ sọ̀yà pé ẹyẹ náà kì í kú sóko? Obìnrin kan ni. Ṣẹ́gilọlá lorúkọ rẹ̀.

Ṣẹ́gilọlá ni ìyàwó Oyèékànmí, Ọ̀tún ìlú Ìdó-Ọ̀pẹ. Ọ̀tún yìí fẹ́ràn ẹran ìgbẹ́ bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn àgbàdo sísun. Àgbọ̀nrín ń jẹ ewé lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ọ̀bọ ń sáré lórí òrùlé, ọmọ ọ̀nì sì wà nínú ìkòkò aró àtijọ́. Àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá wòran, Ọ̀tún á sì máa yan kiri láàárín wọn bí ẹni pé òun ló dá àwọn ẹran náà. Ṣùgbọ́n odídẹrẹ́ ló gba iwájú gbogbo wọn. Ìjì ló já a lulẹ̀ látinú ihò igi nígbà tí kò tíì hu ìyẹ́, Ṣẹ́gilọlá ló sì ń jẹ ẹyìn lẹ́nu tó ń fi bọ́ ọ títí tó fi lè fò.

Ẹyẹ náà lẹ́wà, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Ara rẹ̀ dà bí eérú tútù, ìkó ìdí rẹ̀ sì pọ́n bí osùn. Ohùn ta ni kò lè sín jẹ? Láràárọ̀ ni Ṣẹ́gilọlá ń ṣílẹ̀kùn fún un, á fò lọ sí igbó ọ̀pẹ lọ wá oúnjẹ, kí oòrùn tó wọ̀, á ti padà dé.

Ó wá ṣe, ọba wàjà, wọ́n yan òmíràn, ọba tuntun sì wọ Ìpèbí, ilé tí yóò máa gbé títí di ọjọ́ tí yóò dé adé. Ilé Ọ̀tún ló ń mú ìkó odídẹrẹ́ wá fún adé yẹn láti ayébáyé. Wọn kì í fà á tu, wọn kì í mú un lára òkú ẹyẹ. Odindi ìkó tó bá bọ́ fúnra rẹ̀ lára ẹyẹ tó wà láàyè nínú ilé Ọ̀tún ni. Ẹ̀rù ba Oyèékànmí. Ó ní kí wọ́n fi pankẹ́rẹ́ hun àgò.

"Àwẹ̀ró," oríkì ìyàwó rẹ̀ ló fi pè é, "ẹyẹ yìí kò gbọdọ̀ jáde mọ́. Bí àṣá bá gbé e, kí ni mo fẹ́ gbé dé iwájú ọba?"

"Olówó orí mi, ó ń jáde, ó ń wọlé, kò tíì já yín kulẹ̀ rí."

"Èmi ni mo ni ín. Mo ní kó jókòó."

Odídẹrẹ́ jókòó. Kò pẹ́, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tó yá, kò jẹun mọ́. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ara rẹ̀ tu ìyẹ́ ara rẹ̀. Bí Ṣẹ́gilọlá bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀, ìyẹ́ ló ń gbá. Ọ̀tún ṣa àwọn ìkó jọ, kò rí ọ̀kan tó ṣeé fi sórí adé, ẹyẹ ti rún gbogbo wọn wómúwómú. Àyà rẹ̀ wà ní ìhòòhò bí ti adìyẹ tí wọ́n fẹ́ sè, ìdí rẹ̀ kò sì ní ìkó kankan. Apá rẹ̀ nìkan ló kù.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣí i sílẹ̀," ni Ṣẹ́gilọlá wí.

"Á kú sóko."

"Ilé ló ti ń kú yìí. N kò tíì rí i kó kú sóko."

Ọ̀tún tún wo àyà ẹyẹ náà. "Ṣí i. Ṣùgbọ́n bí kò bá padà wá, ìwọ náà á padà sílé bàbá rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dun obìnrin yìí dé egungun. Ilé ọkọ rẹ̀ ló bímọ sí, ibẹ̀ ló fẹ́ darúgbó sí. Síbẹ̀, ó ṣí àgò. Ẹyẹ wo ẹnu ọ̀nà pẹ́ bí ẹni tí kò gbà pé òótọ́ ni, lẹ́yìn náà ló na apá, ó lọ.

Kò padà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò padà lọ́jọ́ kejì. Ará ilé ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ìyàwó Ọ̀tún ti da ìkó ọba sígbó. Oṣù lé, oṣù wọ̀, ọjọ́ adé ń súnmọ́ tòsí. Ọ̀tún kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Lójoojúmọ́ ni Ṣẹ́gilọlá ń gbé ẹyìn sórí ògiri ọgbà, tó ń wo ọ̀nà igbó. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, àmọ́ ohun tó ń sọ kò ju ọ̀kan lọ: "Bó bá ṣáà ti yè."

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Ọ̀tún jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń di ẹrù nínú yàrá. Ni ohùn ọkọ rẹ̀ bá pè é.

"Àwẹ̀ró, ṣé oúnjẹ ti délẹ̀?"

Ó sáré jáde. Ọ̀tún wò ó, òun náà wo Ọ̀tún. Ọkùnrin náà kò la ẹnu. Àwọn méjèèjì gbójú sókè. Odídẹrẹ́ ló wà lórí ògiri, ìyẹ́ ti bo àyà rẹ̀ pátá, ìdí rẹ̀ pọ́n fòò, ó ń jẹ ẹyìn. Ṣẹ́gilọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún ayọ̀. Ọ̀tún tìkára rẹ̀ ló wọ yàrá lọ tú ẹrù náà.

Kí ọjọ́ adé tó pé, odindi ìkó kan ti bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ibi tí ẹyẹ ń sùn. Nígbà tí Ọ̀tún gbé e dé iwájú ọba, ọba rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀tún, wọ́n ní ẹyẹ yín ti kú sóko."

Ọ̀tún ní kí wọ́n pe ìyàwó òun wá. Ṣẹ́gilọlá kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Inú àgò ló ti fẹ́ kú."

Ọ̀tún fi àgò náà dáná. Ó tú àgbọ̀nrín sílẹ̀ pẹ̀lú. Ìyẹn kò bojú wẹ̀yìn di òní, ẹnikẹ́ni kò sì bá a wí. Àwọn ìyá Ìdó-Ọ̀pẹ ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Ṣẹ́gilọlá. Bí ọmọ bá ń lọ tí àyà ìyá ń já, tó ń ṣe é bíi kó tilẹ̀kùn mọ́ ọn, á rántí àgò, á ṣílẹ̀kùn gbayawu, á ní, "Máa lọ, ọmọ mi. Odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ."