Igbe Àgbọ̀nrín ní Igbó Atẹ́ríba

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú Ọdẹ́rìndé rí, ọmọ Ọdẹ́jọbí tó fi ọwọ́ lásán mú ẹfọ̀n ní ìwo, ọmọ-ọmọ ọkùnrin tó gbé inú igbó fún oṣù méje tí ẹranko kankan kò gbọ́ òórùn rẹ̀. Àgbà ọdẹ ni ní Ìdí-Àràbà. Irun rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì yá ju ti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni àwọn ọdẹ ìlú náà fi wọ Igbó Atẹ́ríba tí wọn kò rí ju òkété àti ọ̀kẹ́rẹ́ lọ. Àwọn agégi gbọ́, wọ́n wá bá Olúọdẹ Ògúngbèmí pé kí ó jọ̀wọ́ igbó náà fún àwọn, nítorí kí ni ọdẹ fẹ́ fi igbó tí kò ní ẹran ṣe? Olúọdẹ ní kí wọ́n padà wá ní ọjọ́ karùn-ún, ó sì ránṣẹ́ pe Ọdẹ́rìndé.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ku oṣù kan kí a tó ṣí igbó fún ọdẹ ṣíṣe. Ẹ bá wa lọ wò ó bí ẹ ti máa ń ṣe. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn àgbọ̀nrín kan ṣoṣo, àáké kò ní kan igi kan níbẹ̀. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, màá yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn."

Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá lọ wo igbó kí ìgbà ọdẹ tó dé kò gbọdọ̀ mú ẹ̀tù ìbọn dání rárá. Nítorí ìyẹn ni wọ́n fi ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Ọdẹ́rìndé mọ èyí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọdẹ tuntun. Ṣùgbọ́n ìgbéraga wà lára rẹ̀. Ó ka á sí ìtìjú kí ẹran dúró níwájú òun kí òun sì máa wò ó bí ẹni ń wo àwòrán. Nítorí náà, bó ti ń ṣe láti ọdún mẹ́ta, ó di ẹ̀tù tí yóò yin ìbọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sínú ewé, ó fi í sínú ìgbànú, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó bọ́ sọ́nà.

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ nígbà tó dé odò tó pààlà igbó náà. Ibẹ̀ ni àwọn ará inú igbó ti dìde sí i. Èyí tí ojú rẹ̀ wà lórí orúnkún wà níbẹ̀, tó jẹ́ pé bó bá kúnlẹ̀, kì í ríran mọ́. Èyí tí irùngbọ̀n rẹ̀ jẹ́ kìkì oyin, tí oyin náà sì ń ta òun fúnra rẹ̀. Arúgbó iwin tó pọn ilé rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ, tí èéfín ń rú láti òrùlé rẹ̀. Àti olórí wọn, Afimúmọ̀, tó ga bí ọ̀pẹ, tí imú rẹ̀ sì gùn dé ìdodo.

"Arúgbó, ta ló rán ọ wá kú síbí?" ni Afimúmọ̀ wí.

"Bàbá rẹ ni mo wá rí, kí ó lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Ọmọ Ọdẹ́jọbí ni mí. Bàbá mi ti la odò yìí kọjá kí imú rẹ tó dé ẹnu rẹ."

Àwọn iwin rẹ́rìn-ín. Afimúmọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó na imú sí ìgbànú ọdẹ.

"Imú mi gùn lóòótọ́, òun ló sì sọ fún mi pé o mú ẹ̀tù dání. Ọdún mẹ́ta rèé tí o ti ń gbé e wá, tí a ń wò ọ́ níran. Oṣù tí ẹ fi ti igbó ni akọ ẹran fi ń pe abo. O gbé òórùn ikú wọ inú rẹ̀, wọ́n sá lọ sẹ́yìn òkè, wọ́n pa ẹnu mọ́. Lẹ́yìn náà o lọ jókòó nílé, ò ń ṣe kàyéfì pé igbó dákẹ́."

Ọdẹ́rìndé fa ewé náà yọ nínú ìgbànú. Ó tú ewé náà, ó da ẹ̀tù inú rẹ̀ sódò, ó sì fọ ọwọ́ àti ìgbànú rẹ̀. Afimúmọ̀ sín lẹ́ẹ̀kan, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì wọ inú igi lọ.

Bàbá náà jókòó sí ìdí igi kan. Igbó pa lọ́lọ́. Oòrùn gun òkè díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kú, kò dìde. Nígbà tó yá, láti ẹ̀yìn òkè, nǹkan kan gbó bí ajá tí ohùn rẹ̀ há, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Akọ àgbọ̀nrín ni, ó ń pe abo. Òmíràn dá a lóhùn láti ìsàlẹ̀ odò. Omi bọ́ lójú Ọdẹ́rìndé.

Ní ọjọ́ karùn-ún, gbogbo ọdẹ péjọ, àwọn agégi pẹ̀lú. Olúọdẹ béèrè ohun tí àṣà ní kí ó béèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọwọ́ yín mọ́?"

Ọ̀rọ̀ kan péré, "Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ọdẹ́rìndé ì bá fi gba igbó náà là. Ó ní, "Mo gbọ́ àgbọ̀nrín méjì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò mọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń mú ẹ̀tù wọ ibẹ̀, èmi ni mo lé ẹran yín lọ."

Ọ̀kan nínú àwọn agégi pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀rí bàbá ti bàjẹ́ nìyẹn. Olúọdẹ, ẹ fún wa nígbó wa."

"Ẹ ní sùúrù," ni Olúọdẹ wí. "N kò lè fi ọ̀rọ̀ yín ṣe ẹ̀rí, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n etí tèmi kò tíì di."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun, ọdẹ mẹ́fà àti agégi náà gan-an lọ jókòó létí odò láìmú ìbọn dání. Oòrùn kò tíì kúrò lórí igi tí wọ́n fi gbọ́ igbe àgbọ̀nrín mẹ́rin. Agégi náà ṣí fìlà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn agégi ti kó àáké wọn kúrò nílùú.

Àwọn ọdẹ fi orin ìyìn mú Ọdẹ́rìndé káàkiri ìlú nítorí òótọ́ tó sọ, ṣùgbọ́n wọ́n gba ìbọn rẹ̀ fún ọdún kan gbáko, kò sì jiyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, òfin tí ẹ fi ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn, ẹ má ṣe yọ ara yín sílẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti yọ ara yín, ẹ jẹ́wọ́ nígbà tí ìjẹ́wọ́ ṣì lè tún nǹkan ṣe.

Àwọn ọdẹ tuntun máa ń bi í pé èwo ló tóbi jù nínú gbogbo ẹran tó mú wálé rí. Á ní, "Èyí tí mo fi etí mú."