Kókó Igbà Òkété

Àlọ́ o. “Àlọ̀.” Ẹ̀yin ọmọ, kí ni à ń pe okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ? “Igbà.” Ẹ káre. Ẹ máa gbè é: “Fà á wò kó o tó gùn.”

Ó ti sú Òkété láti máa ṣa ẹyìn tó já bọ́. Ọ̀bọ wá ń kọ́ ọ ní igbà. Lọ́jọ́ kìíní, ó kọ́ ọ ní kókó tí kì í tú. Lọ́jọ́ kejì, ó kọ́ ọ ní ojóbó, tí a fi ń so ẹyìn sọ̀kalẹ̀, tó ń tú bí a bá fà á. Lọ́jọ́ kẹta, Òkété so igbà yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ ká. Ọ̀bọ bi í pé:

“Ṣé kókó lo ta?”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọmọdé ni mí ni?”

Fà á wò kó o tó gùn.

Ọ̀bọ rẹ́rìn-ín, kò fà á. Ojóbó ni Òkété ta. Bó ṣe gùn dé agbedeméjì ọ̀pẹ, igbà tú, ó já bọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dá. Láti ọjọ́ náà, inú ihò ló ń gbé. Ọ̀bọ a máa wá jókòó lẹ́nu ihò náà: “Àbúrò, mo bi ọ́ léèrè lásán ni. Èmi ló yẹ kí n fà á.”

Lọ́la, ẹ ta kókó sára igi, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹlòmíràn fà á wò.