Ọkùnrin Akèrègbè Tó Jókòó Níwájú Ilé Àwẹ̀ró

Ní ayé ogun, nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ di ọjà lójú àwọn ajínigbé, obìnrin kan wà ní abúlé Ìdí-Emi tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Iṣẹ́ ọmọlangidi ló ń ṣe. Kì í gbẹ́ igi o. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà nìyẹn. Ohun tí àwọn yòókù ń dà sí ààtàn ni Àwẹ̀ró ń ṣà jọ: kùkù àgbàdo, àkísà, òwú, àfọ́kù igbá. Yóò fi okùn so apá àti ẹsẹ̀ wọn, yóò so ìdí okùn náà mọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò sì máa fà á díẹ̀díẹ̀. Ni ọmọlangidi yóò bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí ẹní, tí àwọn ọmọdé yóò máa pariwo.

Ọdẹ́rìndé ni ọkọ rẹ̀, ọdẹ tí gbogbo agbègbè náà mọ̀ sí Paramọ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ paramọ́lẹ̀ nínú ejò kò ní béèrè ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í wá ìjà ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ kàn án kì í délé ròyìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ajínigbé ti yọjú sí Ìdí-Emi, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sì gbé òkú sá padà.

Àmọ́ ikú kì í bẹ̀rù ọdẹ. Ibà ọjọ́ mẹ́ta péré ló mú Ọdẹ́rìndé lọ nígbà ọyẹ́. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ sin ín sínú igbó, wọ́n sì gba ìlú lọ láti lọ múra ìpà rẹ̀, ètò ìkẹyìn tí ọdẹ ń ṣe fún ọdẹ. Ère ni wọ́n máa ń ṣe fún ọdẹ tó bá kú. Wọn yóò wọ̀ ọ́ láṣọ olóògbé, wọn yóò gbé e lọ sínú igbó, wọn kò sì gbọdọ̀ wẹ̀yìn bí wọ́n bá ń bọ̀. Èèwọ̀ ni kí irú ère bẹ́ẹ̀ bá alààyè gbélé.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n sin Ọdẹ́rìndé, ìròyìn dé pé Kújọrẹ̀, olórí àwọn ajínigbé, ti pàgọ́ sí ìsàlẹ̀ odò. Kí Àwẹ̀ró tó ti oko dé, gbogbo abúlé ti di ẹrù, wọ́n ti sá. Ó ku òun, ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Ọdẹ́bùnmi àti Ọdẹ́wálé, àti ìyá ọkọ rẹ̀ tí kò lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́.

“Kó àwọn ọmọ, kí o máa lọ,” ni ìyá àgbà wí. “Èmi ti lo ayé mi tó.”

“Ìyá, ọ̀nà wo ni n ó gbà tí wọn kò ní bá wa níbẹ̀? Bí mo bá sì fi yín sílẹ̀, ojú wo ni n ó fi wo ọmọ yín lọ́run?”

Ẹ̀rù bà á. Ibi tó ti ń wá ọgbọ́n dá ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sára ẹ̀wù ọdẹ ọkọ rẹ̀ lára ògiri. Ó dìde. Ó mú akèrègbè ńlá kan ṣe orí, ó fi àmọ̀ mọ imú àti àgbọ̀n sí i, ó fi osùn àti èédú pa á láwọ̀. Ó fi koríko gbígbẹ ki àpò ṣe àyà, ó fi àtòrí ṣe apá, ó sì fi okùn ọ̀gbọ̀ so ìgbúnwọ́ kí ó lè máa ká. Ó wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù náà, ó sì fi fìlà ọkọ rẹ̀ dé e lórí.

Ìyá àgbà figbe ta. “Àwẹ̀ró! Ṣé ìpà lò ń ṣe yẹn? Ère òkú kì í jókòó níwájú ilé!”

“Mo mọ̀, Ìyá. Bí a bá rí ọ̀la, n ó kúnlẹ̀ bẹ àwọn ọdẹ.”

Ìyá àgbà wo ère náà títí, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi kì í dé fìlà báyẹn. Fà á bo ojú ọ̀tún.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọyẹ́ bo gbogbo àgbàlá bí èéfín. Paramọ́lẹ̀ jókòó níwájú ilé rẹ̀, ìbọn lórí itan, ìkòkò tábà lọ́wọ́. Àwẹ̀ró jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí, ó fi aṣọ bo ẹsẹ̀ tí okùn wà. Kò pẹ́ tí ọkùnrin mẹ́fà yọ láti inú kùrukùru.

Kújọrẹ̀ dúró lókèèrè. “Paramọ́lẹ̀, ẹ kú àárọ̀ o. Wọ́n ní ara yín kò yá.”

Àwẹ̀ró fa ẹsẹ̀. Ọwọ́ ère gbé ìkòkò tábà lọ sẹ́nu, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì padà sílẹ̀.

“Ó ti kí yín,” ni Àwẹ̀ró wí. “Oògùn ló fi sẹ́nu láti ìdájí, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kó tu ú jáde o.”

Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́ tí ojú ń kán, tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà tí àwọn ọmọ ti ń yọjú wò. “Ẹ̀gbọ́n, ọmọ méjì nìyẹn. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, àwa mẹ́fà. Kí la ń wò?” Ó gbé ẹsẹ̀ síwájú, ó tún gbé òmíràn.

Àwẹ̀ró tún fa okùn. Ìpayà kò jẹ́ kó mọ̀ pé ó ti fà á jù. Okùn já! Ọwọ́ ère ṣubú wálẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò tábà, ó bà lé ìdí ìbọn gbàà, ìbọn sì yí, ẹnu rẹ̀ kọjú sí wọn. Àwẹ̀ró di ojú. Ó gbà pé ó ti tán, pé àwọn ọmọ òun ti lọ.

Ohùn Kújọrẹ̀ ló gbọ́. “Padà! Ṣé orí rẹ pé? O ò rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti kan ìbọn? Ọmọ ejò lo fẹ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀ níṣojú ejò?” Kí ó tó la ojú, ìró ẹsẹ̀ wọn ti ń jìnnà nínú kùrukùru.

Nígbà náà ni Àwẹ̀ró ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àyè sunkún ọkọ rẹ̀. Ó gbá àyà koríko yẹn mọ́ra, ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tí àwọn ọdẹ dé, ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ èèwọ̀ tó dá. Olórí ọdẹ kò bá a wí. Ère náà gan-an ni wọ́n gbé lọ sígbó, wọn kò ṣe òmíràn.

Nígbà tí Kújọrẹ̀ gbọ́ pé Paramọ́lẹ̀ ti lo ọjọ́ mẹ́wàá nínú ilẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó mi orí. “Èmi ò rí òkú,” ni ó wí. “Orúkọ rẹ̀ ni mo rí.” Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ìbẹ̀rù ejò ni kì í jẹ́ ká tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀.