Agbádá Olóyè Nídìí Ìkòkò Ẹ̀wà
Olóyè Adégòróyè ní igi kan péré ni Ìyá Bọ́ládùn, alásè oko òun, máa fi se ẹ̀wà ọ̀sán kí igbó má baà tán. Bí kò bá jinná, kó máa lọ sílé. Ìyá la igi náà wẹ́wẹ́, ó fi dáná títí ẹ̀wà fi hó, iná sì kú. Ó ní, "Olóyè, ẹ yá mi ní agbádá òfì yín." Olóyè rẹ́rìn-ín, ó bọ́ ọ. Ìyá fi wé ìkòkò pinpin, ó tì í sáàárín koríko gbígbẹ. Nígbà tó dọ̀sán, ẹ̀wà ti jinná dénú. Olóyè béèrè pé, "Ìyá, iná wo lẹ fi sè é?" Ìyá ní, "Iná àárọ̀ náà ni. Mi ò kàn jẹ́ kó sá lọ ni." Láti ọjọ́ yẹn, Olóyè fúnra rẹ̀ ló ń gbé agbádá wá láràárọ̀.