Ẹsẹ̀ Tó Kán àti Àyà Tó Ń Já

Ọkùnrin kan wà, bíríkìlà ni. Ọmọ méjì ló bí, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ó fẹ́ràn àwọn méjèèjì. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé kò fẹ́ràn wọn.

Lọ́dún kan, ọ̀kadà gbá ọmọkùnrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Bàbá figbe ta, àdúgbò sì rọ́ dé. Wọ́n gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Àwọn ará ìjọ ń gbé ọsàn wá kí i. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń jinná, bàbá ń ròyìn rẹ̀ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í.

Ọdún yẹn náà ni àyà Àjọkẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í já. Tó bá ti wọ aṣọ ilé-ìwé tán láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, kò ní í lè mí délẹ̀. Ó sọ fún bàbá rẹ̀. Ẹ̀rù ba bàbá, àmọ́ kì í ṣe nítorí ọmọ nìkan. Ó ń ro ọjọ́ tí ẹbí ọkọ yóò wá ṣe ìwádìí, tí wọn yóò bèèrè bóyá àrùn ọpọlọ wà nínú ìran wọn. A fi ètè sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Ó ní, “Àjọkẹ́, panu mọ́. Gbàdúrà, kí o sì mọ́kàn le.” Bí àlejò bá dé, á ní kó wọ yàrá lọ.

Ọdún méjì kọjá. Ọmọkùnrin ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Àjọkẹ́ kò lọ sílé-ìwé mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá ti ibi iṣẹ́ dé, ó gbọ́ tí ọmọbìnrin ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, “Bùọ̀dá mi, tiyín dára. Ẹsẹ̀ yín ló kán. Ó wù mí kó jẹ́ ẹsẹ̀ tèmi náà ló kán, kí bàbá wa lè sọ fún èèyàn pé ara mi ò yá.”

Bàbá jókòó sórí ilẹ̀, ó sunkún. Lọ́jọ́ kejì ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, ìtọ́jú sì ń ràn án lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí bàbá bá bi í pé báwo lara, á kúnlẹ̀, á ní, “A dúpẹ́, sà.” Kò ní í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Ọ̀rẹ́ mi, bíríkìlà yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú. Èmi àti ìwọ ni. Padà sílé, kí o jókòó ti ọmọ rẹ tó dákẹ́. Bó bá sọ̀rọ̀, má sọ fún un pé kó mọ́kàn le. Mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú rẹ̀, ní ọ̀sán gangan. Bí aládùúgbò bá bi ọ́, sọ fún un pé, “Ọmọ mi ni. Ara rẹ̀ ni ò yá.”