Ẹrẹ̀ Tó Gbé Arógunyọ̀ Mì

Nígbà tí ogun ń jà kiri bí iná ọyẹ́, àwọn ará Erínjà sá gun orí òkè wọn, wọ́n fi ihò àpáta ṣe ilé. Ẹni tó lé wọn débẹ̀ ni Arógunyọ̀, olórí ogun kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju idà rẹ̀ lọ. Kò lè gòkè lọ bá wọn jà, nítorí òkúta tí wọ́n ń yí lulẹ̀ ń bà á lẹ́rù, ló bá dojú ìjà kọ igi. Ó ní kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ dáná sun gbogbo igbó tó bo ẹ̀gbẹ́ òkè, kí èéfín lè lé wọn jáde. Nígbà tí èéfín kò lé ẹnì kankan, ó ní kí wọ́n hú kùkùté tòun ti gbòǹgbò, kí wọ́n fi ṣọgbà yí ibùdó rẹ̀ ká nínú àfonífojì tó wà nísàlẹ̀. Akọni ọ̀hún nìyẹn! Igi kò kúkú ní ọfà lọ́wọ́.

Akínṣúyì, olórí ọdẹ Erínjà, akin tí í wo ẹkùn lójú tí ẹkùn fi í yà fún un lọ́nà, jókòó lórí àpáta, ó ń wo gbogbo wèrè yìí. Òjò díẹ̀ rọ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì rí i pé ilẹ̀ tó jóná kò mu omi mọ́. Ńṣe ni omi ń sáré lórí eérú, ó ń wọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ, ó ń ki sí i. Kò sí gbòǹgbò tí yóò di ilẹ̀ mú. Ó mọ̀ pé bí òjò ńlá bá dé, gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè ni yóò di ẹrẹ̀, yóò kó òkúta àti ìtì igi mọ́ra, yóò sì gba inú àfonífojì kọjá.

Inú rẹ̀ ì bá dùn, ṣùgbọ́n Ọ̀láwẹ̀ ìyàwó rẹ̀ àti àwọn obìnrin mìíràn tí Arógunyọ̀ kó lẹ́rú nígbà tí ìlú ń sá gòkè wà nínú ọgbà yẹn. Ló bá sọ̀ kalẹ̀ lójú gbogbo ayé, láìmú ohun ìjà kankan dání.

Ó ní, "Arógunyọ̀, tú àwọn obìnrin yìí sílẹ̀, kí o mú èmi."

Arógunyọ̀ rẹ́rìn-ín. "Kí ni mo fẹ́ fi ògbólógbòó ọdẹ ṣe?"

"Èmi ni mo ń darí àwọn tó ń yí òkúta lù yín. Bí mi ò bá sí lókè, ta ni yóò dá ọ dúró?"

Ojú ọ̀kánjúwà là. Ó tú àwọn obìnrin sílẹ̀, ó so Akínṣúyì mọ́ òpó. Bí Ọ̀láwẹ̀ ti ń kọjá lọ, omi ń dà lójú rẹ̀. "Olówó orí mi, ṣé ibí lẹ ti máa kú?"

"Máa gòkè lọ. Má wẹ̀yìn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, òjò ṣú dùdù. Akínṣúyì pe olórí ogun náà. "Nítorí ọmọ ọlọ́mọ tí o kó lẹ́yìn ni mo ṣe ń sọ ọ́: kó wọn kúrò nínú àfonífojì yìí. Òkè tí o bọ́ láṣọ kò ní í dúró."

"Omi àti iyẹ̀pẹ̀?" ni Arógunyọ̀ wí. "Èmi tí mo fọ́ ìlú bí ẹni fọ́ ẹyin! Ẹsẹ̀ ni mo fi ń tẹ ẹrẹ̀."

Akínṣúyì pòṣé. Ẹni tó ń bá igi jà, ta ni yóò fi ọgbọ́n lọ̀ ọ́?

Òjò dé, ó rọ̀ bí ẹni pé sánmà ya. Odò kékeré ẹ̀gbẹ́ ibùdó ṣàdédé dáwọ́ ṣíṣàn dúró. Òkè bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Akínṣúyì yíjú sí Fátúsìn, ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ọ. "Ọmọ mi, ohun kan ti dí odò lókè, ó sì ń bọ̀. Tú mi, kí o pe ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Ẹ má sá lọ sísàlẹ̀ o! Ẹ̀gbẹ́ ni ká gbà, ká gòkè."

Fátúsìn gé okùn náà. Ó pariwo, àwọn kan sì tẹ̀ lé wọn. Wọn ò tíì gun ibi gíga tán tí ẹrẹ̀ fi yọ, ó ki bí ẹ̀kọ, ó ń yí àpáta bí ẹni yí ekùrọ́. Arógunyọ̀ gun ẹṣin, ó sì kọrí sísàlẹ̀ àfonífojì, ọ̀nà tí ẹrẹ̀ gan-an fẹ́ gbà. Ẹṣin kì í sáré ju òkè lọ. Fìlà rẹ̀ nìkan ló léfòó.

Akínṣúyì sunkún fún àwọn ọmọ ogun tó bá ẹrẹ̀ lọ. Fún Arógunyọ̀, itọ́ ló tu.

Lẹ́yìn náà ló kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tẹ ìlú dó sí èjìká òkè, ó sì fún Fátúsìn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò kan. Láti ọjọ́ náà, àáké kò gbọdọ̀ kan igi ẹ̀gbẹ́ òkè, ẹnikẹ́ni kò sì kọ́lé sínú àfonífojì. Oko ni wọ́n fi ibẹ̀ dá. Iṣu ibẹ̀ a máa ta gan-an, bí àwọn àgbà bá sì ń jẹ iyán rẹ̀, wọn a ní iṣẹ́ rere kan ṣoṣo tí Arógunyọ̀ ṣe láyé ni pé ó di ajílẹ̀.