Sípíkà Ọ̀kánlàwọ́n àti Orin Ìkórè

Ẹni tó bá ra etí tuntun, ohùn ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òwe yìí bá ọmọ wí, ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Ẹ fìdí lélẹ̀, kí n rò ó fún yín.

Ní Ìkìrun, Ọ̀kánlàwọ́n, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní kásẹ́ẹ̀tì kan tó fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Orin ìkórè ni, èyí tí òun àti ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn kọ nígbà èwe rẹ̀:

Oko so, oko so o,
Agbọ̀n mi kún dé etí,
Ta ni n ó fọpẹ́ fún?

Ó dùn jọjọ! Àfi ẹsẹ kejì, tí ohùn kan fọ́ bí àwo tó jábọ́. Ọ̀kánlàwọ́n ní Ìyá Abíọ́nà, ọ̀kan nínú akọrin, ló ni ín. Bàbá Ọ̀kánlàwọ́n ló sì ń darí akọrin nígbà náà, ni wọ́n bá yọ obìnrin náà kúrò. Ogójì ọdún, kò dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Bí ìyá yìí bá ti ní òun kọ́, Ọ̀kánlàwọ́n á pààrọ̀ sípíkà, kí ohùn náà lè hàn kedere pé tirẹ̀ ni. Á gbé tuntun ti ògbólógbòó, á jẹ́ kí èyí kọ ìlà kan, kí ìyẹn kọ ìkejì, á dijú, á dẹtí.

"Èyí ń kùn bí oyin. Ìyẹn mọ́, ṣùgbọ́n kò wọnú."

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ rẹ̀ fi sípíkà méjì ránṣẹ́ láti òkè òkun, wọ́n ga tó òpó ilẹ̀kùn. Ló bá pe gbogbo akọrin sí pálọ̀, ó pe Ìyá Abíọ́nà mọ́ wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bọ́ síwájú. Ẹ ó gbọ́ ara yín lónìí."

"Etí mi ò tíì di, Ọ̀kánlàwọ́n. Tẹ̀ ẹ́."

Orin dé. Háà! Wọ́n ń gbọ́ èémí, wọ́n ń gbọ́ bí bẹ́ǹṣì ṣe ń ké. Ohùn náà fọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohun tí sípíkà kankan kò gbé jáde rí wá jáde: ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tín-ín-rín bíi ti omidan.

"Yéè, mo ti bà á jẹ́!"

Ohùn Ìyá Abíọ́nà sì dáhùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Ọ̀kánlàwọ́n, má kà á sí, máa kọ ọ́ lọ."

Ọ̀kánlàwọ́n fẹ́ pa ẹ̀rọ, ó ṣì í, ló bá tún yí ohùn rẹ̀ sókè.

"Ẹ̀gbọ́n... ẹ mọ̀ látọjọ́ yìí?"

"Mo wí nígbà náà. Ta ló gbà mí gbọ́? Àmọ́ sípíkà yìí dára o, àbúrò mi. Owó àwọn ọmọ rẹ kò gbé."

Ọ̀kánlàwọ́n dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lójú gbogbo wọn. Kí ó tó dìde, Ìyá Abíọ́nà ti dá orin mìíràn, gbogbo akọrin sì gbè é.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnì kan bá ń wá ẹ̀bi ọmọnìkejì kiri, tó ní dandan ni kí wọ́n tú ọ̀rọ̀ wò dé gbòǹgbò, àwọn àgbà á rọra sọ fún un pé: ẹni tó bá ra etí tuntun, ohùn ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́.